Màrìwò Ẹnu Àgbẹ̀dẹ

Iná kò bá màrìwò náà ṣeré. Bí Ògúnbáyọ̀ ti já a kúrò lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ tí ó sì sọ ọ́ sínú èédú tó ń pọ́n yòò, ó ta ràì, ó là sókè, ó sì di eérú lójú gbogbo àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n jókòó ti iṣẹ́ wọn. Àlàó tí ó ń fín ẹwìrì gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sórí igi. Àgbẹ̀ kan tí ó wá gba ọkọ́ rẹ̀ rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí ojú òun rí yìí kì í ṣe ohun tí àlejò ń dúró wò parí.

"Ògúnbáyọ̀," ni Baba Àgbẹ̀dẹ pè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Kí ni o ṣe yẹn?"

"Mo já ẹ̀wọ̀n ọrùn yín ni, Bàbá." Ọmọkùnrin náà gbójú sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú àgbàlagbà náà ni ó ń wò. Títì ni ó ń wò, níbi tí Sunday àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dúró sí pẹ̀lú agogo ìwàásù wọn. "Imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni ẹ ń forí balẹ̀ fún. Ó jóná, Ògún kò sì wí nǹkan kan."

Láti títì, ẹnì kan kígbe "Alelúyà!" Ẹ̀rín sì tẹ̀lé e.

Ọdún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìwó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ògúnbáyọ̀. Bàbá tó bí i ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Baba Àgbẹ̀dẹ, ni ó gbà á tọ́. Òun ni ó kọ́ ọ bí a ti ń di ẹ̀mú mú àti bí a ti ń mọ ìgbà tí irin pọ́n tó láti lù. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni ọmọkùnrin náà ti ń lọ sí ilé ìjọsìn àwọn Onítẹ̀bọmi, Baba Àgbẹ̀dẹ kò sì dá a lẹ́kun. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé, "Bó bá ti ń wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ibi tó bá wù ú ni kó ti lo ọjọ́ Àìkú." Kò ní pẹ́ mọ́ tí wọn yóò ṣe ìrìbọmi fún Ògúnbáyọ̀ nínú odò, kí ó lè di ọmọ ìjọ ní tòótọ́. Kò sí ohun tí ó wù ú láyé tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà lọ́kàn rẹ̀. Sunday, ọmọ tíṣà, tí ó jẹ́ aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, kì í jẹ́ kí ó gbàgbé ilé tí ó ti wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí wọ́n ń wàásù kiri àdúgbò, Sunday dá agogo rẹ̀ dúró lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ògúnbáyọ̀, orúkọ rẹ gan-an ń rùn bí ẹ̀jẹ̀ ajá. Abẹ́ màrìwò lo ń gbà wọlé, abẹ́ màrìwò lo ń gbà jáde. Ìwọ náà ni wọ́n fẹ́ rì bọmi? Odò á pọ̀ ọ́ sí èbúté ni!"

"N kò bọ ọ́ mọ́," ni Ògúnbáyọ̀ dáhùn.

"Ta ló rí ọ? Bí ó bá dá ọ lójú, lọ já a lójú wa."

Báyìí ni ó ṣe já a.

Baba Àgbẹ̀dẹ kò tíì dìde tí Àlàó, ọmọ bíbí inú rẹ̀, fi fò kúrò nídìí ẹwìrì. Ìgbájú àkọ́kọ́ gbé Ògúnbáyọ̀ ṣubú. Àwọn yòókù fa àtòrì yọ lájà, wọ́n sì bò ó. Wọ́n nà án lẹ́yìn, wọ́n nà án nítan, wọ́n nà án títí ẹ̀wù rẹ̀ fi ya tí ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó ti ń yí nínú eérú, orúkọ Jésù ni ó ń ké, bí ó sì ti ń ké e ni ó ń dẹtí bóyá àwọn tó wà ní títì ń gbọ́. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí àtòrì kejì jáde ni Sunday ti ká agogo mọ́ abíyá, tí ó sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ là.

"Ó tó," ni Baba Àgbẹ̀dẹ wí. "Ẹ da omi sí iná."

Àwọn alágbẹ̀dẹ wo ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni òfin náà ti wà ní agbo ilé yẹn: bí ọmọ ilé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba màrìwò ẹnu àgbẹ̀dẹ jẹ́, iná gbọ́dọ̀ kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un dá títí ẹni tó bà á jẹ́ yóò fi gbé màrìwò tuntun wá, tí yóò sì fi ahọ́n rẹ̀ kan owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé lórí, kí ó búra pé irin nìkan ni olúwa òun. Ẹni tí kò bá sì búra, kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́ àgbẹ̀dẹ náà mọ́ láéláé.

Omi kan èédú, èéfín funfun sì kún inú àgbẹ̀dẹ.

"Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀," ni Baba Àgbẹ̀dẹ wí fún ọmọ tó nà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Àwọn ará Kuta àti ará Olúpọ̀nnà ti kó ọkọ́ wọn jọ síbí, wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo. Ebi ni o dá sílé yìí, Ògúnbáyọ̀, kì í ṣe ebi Ògún, ebi àwa ènìyàn ni. Dìde, máa lọ. Ìgbà tí orí rẹ bá pé, kí o padà wá fi ahọ́n kan irin."

Ilé Ìyá Jẹ̀mímà ni Ògúnbáyọ̀ wọ́ ara rẹ̀ lọ. Díákónì ni ìyá náà nínú ìjọ, epo pupa ni ó ń tà lọ́jà, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń kọ́ orin. Nígbà tí wọ́n rí egbò rẹ̀, wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Ọ̀kan ń fọwọ́ kan ojú àtòrì, òmíràn ń mi orí.

"Ajẹ́rìíkú dé o!" ni Sunday kígbe. "Èmi kò sọ fún yín? Ó jìyà nítorí Olúwa!"

Ara ń ta Ògúnbáyọ̀ bí ata, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn òun dáadáa.

Ìyá Jẹ̀mímà wọ inú ilé. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jáde, ó bu iyọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà funfun nu ẹ̀jẹ̀ náà. Ìgbà tí ó nù ún dé àárín ẹ̀yìn ni ó tó béèrè.

"Kí ni wọ́n nà ọ́ fún?"

"Nítorí Jésù ni, Màmá."

"Ẹn-ẹ́n. Ta ló rán ọ pé kí o lọ já màrìwò onímàrìwò? Ṣé Jésù ni, àbí Sunday?"

Sunday fa ojú ro. "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń gbèjà òrìṣà?"

"Ìwọ, pa ẹnu rẹ mọ́. Nígbà tí àtòrì jáde, ta ni o fi í sílẹ̀ fún?" Ìyá Jẹ̀mímà ti àkísà bọ omi, ó sì fún un. "Bí èmi bá fọ́ ìkòkò obìnrin ẹgbẹ́ mi lọ́jà, tí ó gbá mi létí, ṣé màá wá dúró níwájú ìjọ kí n máa fi etí wíwú ṣe fáàrí? Ìyà kì í sọ ènìyàn di onígbàgbọ́, Ògúnbáyọ̀. Olè ń jẹ lílù. Aláfojúdi náà ń jẹ ẹ́. Ohun tó fa ìyà ni Ọlọ́run ń wò."

Gbogbo ìlú ni ó mọ ìtàn ìyá yìí. Nígbà tí ó gba Jésù gbọ́ ní ọ̀dọ́bìnrin, ilé ọkọ rẹ̀ lé e jáde nínú òjò, wọ́n sì gba ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà láìmọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, iwájú ilé yẹn ni ó ń gbà lọ sọ́jà, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ibẹ̀.

"Kí ni kí n ṣe, Màmá?" ni ó béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ohun tí o bàjẹ́, lọ tún un ṣe. Gé imọ̀ mìíràn, gbé e fún wọn, kí o sì dọ̀bálẹ̀."

"Màrìwò Ògún? Kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e?"

"Imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni o ṣe wí fún Baba Àgbẹ̀dẹ?"

Bí ara ti ń dùn ún tó, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Ògúnbáyọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún rẹ̀wẹ̀sì. "Wọ́n á ní kí n fi ahọ́n kan irin, kí n sì búra."

Ìyá Jẹ̀mímà fún àkísà náà títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́. "Imọ̀ ni o jẹ wọ́n," ni ó wí jẹ́jẹ́. "O kò jẹ wọ́n ní ẹnu. Ẹni tí o fi ẹnu rẹ fún, ìwọ ni o mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá nà ọ́ lórí ìyẹn, ìgbà náà ni kí o tó wá wí fún mi pé nítorí Jésù ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ògúnbáyọ̀ gun ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ilé Ìyá Jẹ̀mímà, bí egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń la ẹnu lákọ̀tun. Àbẹ̀ní, ìyá rẹ̀, tí ó wá wò ó, dúró sídìí ọ̀pẹ náà. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù imọ̀ tútù, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Ahọ́n lásán ni. Fi kàn án, kí o tutọ́ dànù, kí o máa bá ìsìn rẹ lọ. Ọlọ́run tí ò ń sìn kò rí ọkàn ni? Àwọn àbúrò rẹ kò tíì jẹun láti àná. Bí wọ́n bá lé ọ nídìí irin, kí ni a ó fi máa bọ́ wọn?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ògúnbáyọ̀ ju àtòrì lọ. Ó rò ó. Ta ni yóò mọ̀ bí òun bá tutọ́ dànù? Ó rò ó títí omi fi lé sójú rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "bí mo bá fi ahọ́n yìí búra fún irin lónìí, ahọ́n wo ni n ó fi jẹ́wọ́ Jésù nínú odò? Ẹyọ kan ni mo ní."

Ó gbé imọ̀ náà lé orí, ó sì bọ́ sí ọ̀nà. Nígbà tí ó dé iwájú ilé tíṣà, Sunday àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí pèpéle.

"Ẹ wá wo ìyàwó Ògún!" ni Sunday kígbe. "Ó ń ru ẹrù relé ọkọ! Àná ló já a, òní ló ń gbé e padà. Kò gbóná, kò tutù!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lé e lórí. Ọmọdé kan sọ èèpo ọsàn lù ú. Ògúnbáyọ̀ ní èsì tí ó mú bí abẹ lẹ́nu, ó sì mọ ibi tí yóò ti gún Sunday: aṣáájú tó gbé agogo sá lọ. Ó gbé e mì. Ó rí i pé gbígbé ọ̀rọ̀ yẹn mì le ju kí ènìyàn já màrìwò lọ.

Nínú àgbẹ̀dẹ tútù, gbogbo wọn jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ọkọ́ àwọn àgbẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ògúnbáyọ̀ sọ imọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Bàbá, mo jẹ̀bi. Mo bú ohun tí ẹ fi tọ́ mi, mo sì dójú tì yín lójú àlejò. Jésù kọ́ ló rán mi. Àfojúdi ló rán mi. Mo sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo yín. Ẹ forí jì mí."

Ojú Baba Àgbẹ̀dẹ rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀dọ́. "Dìde, ọmọ mi. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ó ti parí." Ó nàka sí owú. "Ó ku ahọ́n."

Ògúnbáyọ̀ kò dìde. Ó gbé orí sókè láti ibi tí ó dọ̀bálẹ̀ sí. "Bàbá, ọwọ́ mi tiyín ni, n ó lu irin fún yín títí n ó fi hewú. Ẹsẹ̀ mi tiyín ni, ẹ rán an níbi tó bá wù yín. Ẹnu yìí ni n kò lè fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti fi í fún ẹlòmíràn."



"Ẹ gbọ́ nǹkan?" ni Àlàó wí. Ó ti dìde. "Ó wá fi wá ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kejì ni! Ebi ń pa ilé mi, ó ń sọ̀rọ̀ ẹnu!"

Baba Àgbẹ̀dẹ yí ojú sí ògiri. Kò sọ pé kí wọ́n nà án, kò sì sọ pé kí wọ́n má nà án. Ìyẹn ni Àlàó ń dúró dè. Wọ́n so ọwọ́ Ògúnbáyọ̀ mọ́ òpó, àtòrì sì tún sọ̀kalẹ̀ sórí egbò àná. Lọ́tẹ̀ yìí, Àlàó kò fọ́n ọn ká. Ojú kan náà ni ó ń nà lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, títí ẹran fi hàn.

"Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan," ni ó ń wí bí ó ti ń nà án, "ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Búra!"

Ògúnbáyọ̀ kò ké orúkọ ẹnikẹ́ni sókè mọ́. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó gbọ́, àfi Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì jìnnà. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òun má bú Àlàó. Ìrora náà pọ̀ dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gé ètè jẹ, ó sì dá a padà.

Nígbà tí wọ́n tú u, ó ṣubú. Àlàó di irun orí rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ dé ìdí owú, ó sì gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ irin. Eyín kan kán. Ó tún gbá a. Ètè Ògúnbáyọ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ṣùgbọ́n ó pa eyín yòókù dé mọ́ra pinpin.

"Ó ti kàn án!" ni Àlàó kígbe. "Bàbá, ó ti fi ẹnu kàn án!"

Baba Àgbẹ̀dẹ yíjú padà. Ìgbà tí ó rí ojú ọmọ náà, ó dìde. "Ètè nìyẹn, kì í ṣe ahọ́n," ni ó wí. "Irin kì í gba ẹ̀jẹ́ tí a fi ipá gbà. Kúrò lórí rẹ̀." Ó ti Àlàó sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ àbúrò rẹ̀ dìde.

Àbẹ̀ní, tí ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, kò lè dúró wo ikú rẹ̀. Ó ti sáré lọ ké sí àwọn ará ìjọ. Ìyá Jẹ̀mímà ni ó fẹ́ pè, ṣùgbọ́n Sunday ni ó kọ́kọ́ bá lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Jẹ̀mímà fi bá Sunday wí lánàá ti dùn ún wọ egungun. Ojúmọ́ kò mọ́ ọn rere. Ó ti ń wá ibi tí yóò ti fi hàn pé òun kì í ṣe ojo. Àsìkò tí Baba Àgbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé Ògúnbáyọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ já wọ àgbẹ̀dẹ pẹ̀lú kùmọ̀. Kùmọ̀ pàdé àtòrì. Ọkọ́ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wó dà sílẹ̀. Ẹnì kan ń ké "Orí mi o!" nínú eruku. Sunday sọ kùmọ̀ nù, ó fa ọ̀pá irin kan yọ nínú òkìtì, ó sì gbé e sókè lẹ́yìn Baba Àgbẹ̀dẹ.

"Ní orúkọ Jésù!" ni ó ké.

Ògúnbáyọ̀ rí i. Baba Àgbẹ̀dẹ kò rí i. Ọmọkùnrin náà kò ráyè ronú; ó na ọwọ́ ọ̀tún bo orí àgbàlagbà náà, irin sì sọ̀kalẹ̀ lé ọwọ́ náà. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ bí egungun ti dá, bí igi gbígbẹ. Eegun funfun yọ lára awọ, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí owú.

Ìjà náà dúró. Ọ̀pá irin bọ́ lọ́wọ́ Sunday. Àwọn tó kó wá ń wá ọ̀nà ìta, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè mi ẹsẹ̀.

Àlàó ti mú àdá. "Ìwọ yìí, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ pa."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ògúnbáyọ̀ wí láti ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ."

"Sọ àdá sílẹ̀, Àlàó," ni bàbá rẹ̀ pàṣẹ. Ó ti ya aṣọ ìbora rẹ̀, ó sì ń di apá ọmọ náà. "Kí ló dé tí o fi ọwọ́ rẹ gbà á? Èmi tí mo jókòó tí wọ́n ń nà ọ́! Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin ni bàbá mi."

Alágbẹ̀dẹ àgbà kan tẹ̀ síwájú, ó wo owú. "Ẹ̀jẹ̀ ti kan irin. Ògún ti gba tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dáná."

Ògúnbáyọ̀ gbìyànjú láti gbé orí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ti Ògún."

"Mo mọ̀," ni Baba Àgbẹ̀dẹ wí. "Èmi ni o ta á sílẹ̀ fún."

Ó dìde, ó lọ sí ìdí owú, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì fi ahọ́n ara rẹ̀ kan irin ní ipò ọmọ náà. Ó búra. Kò tíì sí olórí àgbẹ̀dẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní agbo ilé yẹn, kò sì sí ẹni tí ó láyà láti bi í pé kí ló dé. "Ẹ dáná," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni òun àti Ìyá Jẹ̀mímà, tí ẹsẹ̀ àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ẹnu ọ̀nà, jọ gbé Ògúnbáyọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ògúnbáyọ̀ kò tún gbé òòlù mọ́ títí ayé rẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ tọ́, òfin agbo ilé kò ní jẹ́ kí ó gbé e, nítorí kò búra. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sunkún nítorí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Baba Àgbẹ̀dẹ fún un ní ọkọ́ àti àdá láti máa tà ní ọjà Olúpọ̀nnà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Baba Àgbẹ̀dẹ kò di onígbàgbọ́. Sunday sì ni ìjọ dá dúró kúrò nípò aṣáájú. Ògúnbáyọ̀ ni ó lọ pè é wá sí ìsìn nígbà tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó lè wọlé. Ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún Ògúnbáyọ̀, olùṣọ́-àgùntàn sì di apá wíwọ́ náà mú pẹ̀lẹ́ bí ó ti ń rì í sínú omi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Kì í ṣe gbogbo pàṣán tó bá ba onígbàgbọ́ ni pàṣán ìgbàgbọ́. Ẹni tó bú ẹlẹ́sìn mìíràn tí ó jẹ ìyà, owó ọjà rẹ̀ ni ó gbà. Ẹni tó sì gbé kùmọ̀ ní orúkọ Jésù, orúkọ lásán ni ó mú lọ. Ẹni tó ni orúkọ náà kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan pé kí ẹ jìyà nítorí òdodo, ẹ jẹ ẹ́ láìbúni, láìgbẹ̀san, kí ẹ sì ní ìfẹ́ sí ẹni tó ń jẹ yín níyà dé ibi tí ẹ ó fi lè na ọwọ́ bo orí rẹ̀. Ìyẹn ni ìyà tí Ọlọ́run ń pè ní tirẹ̀.